Bẹ́ǹṣì Tí A Gbé Kalẹ̀ De Àwọn Ará Ìjọ

Nígbà tí Màmá mi kú, àwọn ará ìjọ rẹ̀ pọ̀ débi pé wọn ò ráàyè dúró sí nínú ọgbà wa ní Kotobabi, ní Accra. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi kó ara wọn wá. Wọ́n wọ dúdú àti funfun bí àwọn ará Gáná ṣe ń wọ̀ ọ́, wọ́n kọrin títí ohùn wọn fi há, wọ́n ń sọ pé ìyá rere ni, ìyá onígbàgbọ́, òpó nínú ilé Olúwa. Mo jókòó, mo ń wò wọ́n. Obìnrin kan fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní kí n sunkún, pé ẹkún á jẹ́ kí ara mi fúyẹ́. Mo sọ fún un pé ẹkún tèmi ti tán láti ìgbà tí Màmá wà láàyè. Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú, ó sì rọra sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. N kì í ṣe ẹni tó kọ ìjọ sílẹ̀. Àwọn kan wà lóde òní tó jẹ́ pé inú yàrá ni wọ́n ti ń gbọ́ ìwàásù lórí rédíò, tí wọ́n á ní àwọn ò nílò ẹnikẹ́ni, Ọlọ́run wà níbi gbogbo. Òótọ́ ni, ó wà níbi gbogbo. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí ibùsùn, ọwọ́ èèyàn ni yóò yí i. Èèyàn laṣọ mi, bẹ́ẹ̀ làwọn àgbà wí. Èmi ti rí bí aṣọ ṣe ń ya mọ́ èèyàn lára, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi ń ká mi lára.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá, ibẹ̀ náà ló ti fẹ́ Màmá wá, ṣùgbọ́n Accra ni wọ́n bí mi sí. Alata làwọn ará ibí ń pè wá, àwọn mìíràn a ní Anago. Ọṣẹ dúdú tí Màmá ń tà nínú ọjà Kotobabi pàápàá, orúkọ wa ló ń jẹ́ lẹ́nu wọn: alata samina, ọṣẹ àwọn Alata. Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, ìjọba kan lé àwa àlejò kúrò nílùú, Màmá sì wà lára àwọn tó padà wá nígbà tí nǹkan rọlẹ̀. Ó máa ń fi ọṣẹ yẹn yangàn. Á ní, "Wọ́n lè lé wa lọ, ṣùgbọ́n wọn ò lè wẹ̀ kí wọ́n má dárúkọ wa."

Ìjọ wa ò tóbi nígbà náà. Ilé onípáànù kan ni, lẹ́yìn ọjà, tí òjò bá ti ń rọ̀ a ò ní gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ mọ́. Yorùbá la fi ń ṣe ohun gbogbo níbẹ̀, látorí orin dórí ìkéde. Gbogbo wa la mọ ara wa, a mọ ẹni tí ọkọ rẹ̀ le, a mọ ẹni tí ikọ́ ń dà láàmú, a sì mọ ẹni tó ń sùn bí ìwàásù bá ti bẹ̀rẹ̀. A tún ní àṣà kan tí mi ò rí ní ìjọ mìíràn láti ìgbà náà. Ìbẹ̀wò là ń pè é.

Bó ṣe rí nìyí. Bí obìnrin kan bá pa ìsìn jẹ lọ́sẹ̀ méjì léraléra, àwọn obìnrin yòókù á lọ bá a nílé. Wọn kì í kọ́kọ́ yà sílé lọ bọ́ aṣọ. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n á ti kọrí síbẹ̀. Láti ẹnu àdúgbò ni wọ́n á ti gbé orin, kí onílé lè ráàyè ró ìró, kó sì gbálẹ̀ bí ilẹ̀ bá dọ̀tí. Wọn kì í jẹun níbẹ̀, omi nìkan ni wọ́n máa ń mu. Ti onílé ni pé kó gbé bẹ́ǹṣì síta, kó sì bu omi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n onílé ò gbọdọ̀ ránṣẹ́ pè wọ́n o. Èèwọ̀ ni. Màmá á ní bí o bá ti ránṣẹ́ pè wọ́n, kì í ṣe ìbẹ̀wò mọ́, o kàn ń ṣagbe ni. Àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó wo ọ̀tún, kí wọ́n wo òsì, kí wọ́n rí i pé àyè ẹnì kan ṣófo.

Màmá ni ojú wọn. Bí orin bá ti ń lọ lọ́wọ́ báyìí, ọrùn rẹ̀ á ti máa yí kiri, á máa wo ìjókòó. Pásítọ̀ ìgbà náà bá a wí lẹ́ẹ̀kan pé kò fọkàn sí ìwàásù. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, sà. Ẹ̀yin ẹ máa wo ìwé, ẹ jẹ́ kí èmi máa wo àwọn àgùntàn." Pásítọ̀ ò tún bá a sọ ọ́ mọ́.

Mo rántí ìbẹ̀wò kan dáadáa. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò lẹ́yìn ìjọba àwọn sójà ni, mo ti di ọmọge. Obìnrin kan wà nínú ìjọ tó ń ta búrẹ́dì, kò tíì pẹ́ tó délé ọkọ. Oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, ló bá ti ilẹ̀kùn mọ́ra, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí òun. Nígbà tí a kọrin dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ṣílẹ̀kùn. Ó pariwo látinú ilé pé, "Ẹ máa lọ! Ẹ sọ fún Ọlọ́run yín pé mi ò sí nílé!" Àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Èmi gan-an rò pé a ó padà ni. Màmá gbé ẹnu sí ojú fèrèsé, ó ní, "Ọlọ́run kọ́ ló wá, àwa ni. Òùngbẹ ń gbẹ wá."

Kò sí bẹ́ǹṣì níta, bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tàwa taṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lára. Oòrùn pa wá bí ẹja tí wọ́n sá. Nígbà tó yá, ilẹ̀kùn ṣí, obìnrin náà yọ jáde pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́, ojú rẹ̀ ti wú. Kò sẹ́ni tó wàásù fún un. Màmá gba omi, ó mu ún, ó ní kó kó àwọn aṣọ tí kò tíì fọ̀ jáde. Ọṣẹ wa la fi fọ̀ ọ́. Ẹ fi obìnrin oníbúrẹ́dì yìí sọ́kàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dáadáa, ìṣe dáadáa yẹn ló sì bà á jẹ́. Pásítọ̀ tuntun dé, ọlọ́yàyà èèyàn tó mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ó ní ilé onípáànù ti há jù. Wọ́n ra ilẹ̀ lọ́nà Ashaiman, wọ́n kọ́ ilé ńlá, wọ́n gbé fáànù kọ́ káàkiri. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, bí o bá bá wọn sọ Yorùbá, Twi ni wọ́n á fi dá ẹ lóhùn, torí náà ìsìn di gẹ̀ẹ́sì àti Twi. Wọ́n ní àwọn á máa ṣe ti Yorùbá fún àwọn àgbà láàárọ̀ kùtù. Nígbà tó yá wọ́n ní àwọn àgbà ò pọ̀ mọ́, wọ́n pa á tì. Èrò ń pọ̀ sí i, a ò mọ ara wa mọ́. Wọ́n gbé ìbẹ̀wò lé kọ̀mítì lọ́wọ́. Wọ́n kéde pé ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó pe nọ́ńbà kan, kọ̀mítì á sì mọ bí wọ́n ṣe máa ṣe é.

Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Kí aláìsàn máa fẹnu ara rẹ̀ polówó ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ta kẹ́ńkẹ́?"

Síbẹ̀ ó ń lọ. Á wọ ọkọ̀ trotro kan, á sọ̀ kalẹ̀, á tún wọ òmíràn, torí kó lè dé ìsìn tí kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Mo bi í pé kí ló rí lọ́bẹ̀ tó fi ń waro ọwọ́. Mo ní ìjọ Yorùbá mìíràn wà nítòsí. Ó ní, "Ìwọ, bí ọmọ ẹni bá dàgbà tí kò gbọ́ èdè ẹni mọ́, ṣé a ó wá ọmọ mìíràn lọ ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ilé ìwẹ̀, ó yọ̀ lórí ọṣẹ tí òun fúnra rẹ̀ ń tà. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n ṣe gbogbo èyí tí wọ́n lè ṣe nílé ìwòsàn, wọ́n wá ní kí n máa gbé e lọ sílé, pé ogbó ti dé, kò ní lè dá rìn mọ́. Ashaiman lèmi ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi nígbà náà, ìjọ ọkọ mi ni mo sì ń lọ níbẹ̀. Ọkọ mi ní kí n lọ tọ́jú ìyá mi, mo kó aṣọ díẹ̀, mo padà sí Kotobabi.

Nígbà tó di ọjọ́ Ìsinmi kejì tí kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó jí mi ní kùtùkùtù. Ó ní kí n wẹ̀ fún òun. Ó ní kí n wọ aṣọ funfun ẹgbẹ́ obìnrin fún òun, kí n sì so gèlè rẹ̀ kó dúró dáadáa. Mo gbé e lọ sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó nàka sí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn ilé, ó ní kí n gbé e wá síwájú, kí n nù ún, kí n sì kó pure water sínú ìkòkò tútù. Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo ní, "Màmá, ṣé ẹ ń retí wọn ni?" Ó ní, "Ọ̀sẹ̀ kejì nìyí. Wọ́n á ti rí i pé n kò sí."

Ọ̀sán pọ́n, kò sí orin lẹ́nu àdúgbò. Ẹni tó wá ni Àlhájà tó ń ta aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wa. Ará Ìwó ni, láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú lòun àti Màmá ti ń bu ara wọn bí àwọn tó fẹ́ràn ara wọn ṣe ń bu ara wọn. Ó wọlé, ó ní, "Ìwọ kèfèrí yìí, o ṣì wà láyé?" Màmá dá a lóhùn pé, "Ìwọ tó o lọ sí Mẹ́kà tó jẹ́ eyín wúrà nìkan lo mú bọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àlhájà wá fẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Màmá pariwo, "Háà! Má jókòó síbẹ̀ o! Àwọn èèyàn mi ń bọ̀."

"Àwọn èèyàn ẹ dà?"

"Ìsìn wọn ò tíì parí."

Àlhájà wò mí, mo gbójú sá. Ó lọ fa àpótí ọṣẹ kan wá, ó jókòó sórí rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ara rẹ̀. Orí àpótí yẹn ló wà títí tó fi lọ kírun.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni mò ń wẹ̀ fún un, mò ń wọ funfun fún un, mò ń gbé bẹ́ǹṣì síta. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Àlhájà ń wá, tó ń jókòó sórí àpótí. Òjò lọ, ọyẹ́ dé, eruku ọyẹ́ á bo bẹ́ǹṣì kí oòrùn tó là, Màmá á ní kí n nù ún. Nígbà míì mò ń nù ún tìbínú tìbínú. Inú ń bí mi sí wọn, inú sì ń bí mi sí òun náà. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn."

"Sọ kí ni? Pé wọn ò ríran?"

"Màmá, ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

"N kò dákẹ́. Àyè mi tó ṣófo ń sọ̀rọ̀."

Ó mú mi búra pé mi ò ní pe nọ́ńbà kọ̀mítì, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ rán ẹnikẹ́ni.

Fóònù rẹ̀ á sì máa dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ látọ̀dọ̀ ìjọ ni, gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, irú èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí gbogbo èèyàn pa pọ̀. Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún un: Àyànfẹ́ nínú Olúwa, a nífẹ̀ẹ́ rẹ, ìwọ ṣe pàtàkì sí wa, má ṣe kọ ìpéjọpọ̀ àwọn ará sílẹ̀. Ó bi mí pé, "Ta ló kọ ọ́?" Mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní, "Ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ tó fi ń tẹ fóònù ni? Mo ní ta ni?" N kò mọ ta ni. Ojú ló ń rójú ṣàánú. Fóònù ò lójú.

Ọjọ́ Ìsinmi kan dé, Àlhájà wọlé bó ti máa ń ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ kó fa àpótí rẹ̀. Màmá ní, "Fi àpótí yẹn sílẹ̀. Jókòó síbí." Bẹ́ǹṣì ló nàka sí.

Àlhájà ní, "Àwọn èèyàn ẹ ńkọ́?"

"Jókòó, mo ní."

Àlhájà jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì náà bí àlejò tí wọn ò tíì kí káàbọ̀. Lọ́jọ́ yẹn wọn ò bu ara wọn. Màmá tú gèlè orí rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ká a, ó gbé e lé itan. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo fi aṣọ bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Ó dùn mí ju ọjọ́ tó ṣubú lọ. Egungun ló ṣẹ́ lọ́jọ́ tó ṣubú.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo ní mo fẹ́ lọ wo ọkọ mi ní Ashaiman. Irọ́ ni. Mo ní kí Àlhájà wá jókòó tì í, mo sì wọ trotro lọ sí ìjọ wọn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilé náà tóbi! Ọmọbìnrin kan tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gẹ̀ẹ́sì bi mí bóyá ìgbà àkọ́kọ́ mi nìyí, ó mú mi lọ síbi tí àwọn àlejò ń jókòó. Èmi tí wọ́n gbé ṣe ìkómọ nínú ìjọ yìí! Nígbà tó yá wọ́n ní kí àwọn àlejò dìde, gbogbo ìjọ ń kọrin káàbọ̀ fún wa, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó kọjú sí mi tó ń juwọ́ ò mọ̀ mí rí. Mo wo ìjókòó láti iwájú dé ẹ̀yìn bí Màmá ṣe máa ń wò ó. Kò sí àyè kankan tó ṣófo. Ẹlòmíràn ti jókòó sí àyè Màmá.

Lẹ́yìn ìsìn, mo béèrè olórí àwọn obìnrin. Ta ni mo rí? Obìnrin oníbúrẹ́dì. Ó ti sanra, ó ti ní ilé búrẹ́dì tirẹ̀, jígí wà lójú rẹ̀. Ó dá mi mọ̀ kíá, ó fò mọ́ mi. "Háà, ọmọ ìyá mi! Káàbọ̀ o! Ìgbà wo lo ti ilé dé? Màmá wa ńkọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́? Ṣé afẹ́fẹ́ ilé ń bá wọn lára mu?"

Mo ní, "Ògbómọ̀ṣọ́ bíi ti báwo?"

"Ṣé wọn ò sí nílé ni? A gbọ́ pé wọ́n ti lọ sílé pátápátá. A tiẹ̀ gbàdúrà fún wọn nínú ìpàdé àwọn obìnrin, pé kí Ọlọ́run ṣọ́ wọn lọ́nà."

"Ta ló sọ fún yín?"

Ó wo ẹni tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Ìyẹn wo ẹlòmíràn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó sọ ọ́.

Àṣìṣe tiwa nìyẹn, àwa Yorùbá tó ń gbé Accra. Àwọn ará Gáná ò lè ṣe irú rẹ̀, torí ilé wọn ni wọ́n wà. Àwa, bí àgbàlagbà wa kan bá dàwátì, a kì í béèrè. A ó kàn ní ó ti lọ sílé. Ó lè ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ níbí, kó má ní ẹnikẹ́ni nílé tó mọ̀ ọ́n mọ́, bí a ò bá ti rí i nínú ọjà àti nínú ìjọ, ó ti lọ sílé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà rọrùn lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá ń wọ funfun tó ń wo ojú ọ̀nà, àwọn èèyàn rẹ̀ ti sìn ín dé Ògbómọ̀ṣọ́ pẹ̀lú àdúrà, wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo pariwo débi pé àwọn tó ti ń jáde padà wọlé. "Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí wọ́n torí yín jókòó nínú oòrùn! Ẹ ò ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọn ò lọ! Ta ló sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé ẹ lọ sílé?" Obìnrin náà yọ jígí ojú rẹ̀.

Pásítọ̀ dé, ó ní kí n fara balẹ̀. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé, "Arábìnrin, ṣé ẹ fi tó kọ̀mítì létí?"

Mo ní, "Pásítọ̀, àárín yín ni Màmá ti dàwátì. Ta ló yẹ kó fi í tó ta létí?"

Obìnrin oníbúrẹ́dì ló ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀sì wá, pé àwọn ń lọ báyìí báyìí, láì yà sílé. Ó ṣì rántí ìyẹn.

Wọ́n gbé orin láti ẹnu àdúgbò. Yorùbá ni, orin àtijọ́ wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé wọn kàn ń kùn ún lẹ́nu ni. Èmi ń sá pamọ́ sẹ́yìn wọn bí ọmọ tó jí ẹran nínú ìṣasùn. Nígbà tí a wọ ọgbà, Màmá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lórí àga rẹ̀, kò wọ funfun, kò so gèlè, Àlhájà sì wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àlhájà rí wọn, ó yára fẹ́ dìde fún wọn. Màmá di aṣọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Má dìde. Èèyàn ti jókòó síbẹ̀."

Obìnrin oníbúrẹ́dì kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbóná. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú sí wa. A rò pé ẹ ti lọ sílé ni."

"Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Ẹ kú ìrìn o. Ògbómọ̀ṣọ́ jìn." Màmá wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ka ìjókòó nígbà kan. Ó wá ní, "Ṣé ẹ rí i pé mi ò sí ni, àbí wọ́n wá pè yín?"

Ojú Màmá gba orí wọn kọjá, ó bá mi lẹ́yìn. Kò bá mi wí. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn fún mi.

Wọ́n kọrin lórí ìdúró. Pásítọ̀ fi gẹ̀ẹ́sì gbàdúrà, ẹnì kan ń túmọ̀ rẹ̀ sí Twi, nínú ilé Yorùbá, fún ìyá Yorùbá. Nígbà tí wọ́n tún gbé orin mìíràn, mo rí ẹnu Màmá tó ń mì. Ohùn kejì ló ń kọ, èyí tó máa ń kọ láti ìgbà ilé onípáànù. Kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Ọwọ́ rẹ̀ ò kúrò lára aṣọ Àlhájà, ṣùgbọ́n ó kọ orin náà dé òpin. Wọ́n mu omi. Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ àwọn á tún wá, àwọn ò ní jẹ́ kí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì wọn, wọ́n bá tiwọn lọ.

Oòrùn rọ̀. Mò ń fún un ní kókó mu nígbà tó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ṣé wọ́n á tún wá?"

"Wọ́n ní àwọn á wá, Màmá."

"N kò bi ẹ́ léèrè ohun tí wọ́n wí."

Mo ní, "Wọ́n á wá." Ó jẹ́ kí n máa bọ́ òun lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, kò dúró kí n jí òun, òun ló jí mi. Ó ní kí n wẹ̀ fún òun, kí n wọ funfun fún òun. Ó ní apá ọ̀tún gèlè ga ju tòsì lọ, kí n tún un so. Mo gbé bẹ́ǹṣì síta, mo nù ún, mo kó omi sí ìkòkò tútù. Ọ̀sán pọ́n. Fóònù dún. Àtẹ̀jíṣẹ́ ni: Àyànfẹ́ nínú Olúwa. N kò túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò sì béèrè.

Àlhájà wọlé. Ó wo Màmá nínú aṣọ funfun rẹ̀, ó wo bẹ́ǹṣì. Kò sọ ọ̀rọ̀ kèfèrí kankan. Ó gba ẹ̀gbẹ́ bẹ́ǹṣì kọjá, ó lọ fa àpótí ọṣẹ wá, ó jókòó sórí rẹ̀. Mo ní, "Àlhájà, ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹ jọ̀wọ́. Kò sẹ́ni tó ń bọ̀."

Ó fi ojú ṣẹ́ mi kí n panu mọ́. Ó ní, "Ó tì o. Ìsìn wọn ò tíì parí."